Ẹ Kọ Orogún Síbẹ̀

Kò sí ohun kan tí ẹ sọ fún mi kí n tó kúrò ní Ìṣẹ́yìn tó jẹ́ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹni tí yóò bínú tètè bínú. Ẹ ní Kétu jìnnà. Kò jìnnà. Ẹ ní àwọn ará ibẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá mọ́, pé èdè Faransé ti gbé e mì. Wọ́n ń sọ ọ́, wọ́n ń fi í gbàdúrà, wọ́n sì ń fi í ṣépè. Ẹ ní orogún Ràbíátù ló fi nǹkan sí i lára. Nítorí ọ̀rọ̀ kẹta yìí ni mo ṣe jókòó kọ̀wé.

Ràbíátù ni ẹ̀gbọ́n mi. Àwa méjèèjì péré ni ìyá wa bí. Bíríkìlà ni mí, n kì í ṣe akọ̀wé, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wọ́, ẹ fi orí jì mí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí ọkọ rẹ̀, ọmọ Ìṣẹ́yìn níbí, ti mú un kọjá ààlà lọ sí Idigny nílẹ̀ Kétu, tí wọ́n ń ta abọ́, aṣọ àti ọṣẹ fún àwọn àgbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ náà ti fẹ́ ìyàwó kejì, ọmọ Kétu gan-an, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rọ́ọ̀sì. Ọkọ ti kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi bí ń ṣiṣẹ́ ní Gàbọ́ọ̀nù, fóònù la fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tí a gbọ́ pé jẹjẹrẹ ti wọ ọmú Ràbíátù, ohun tí ìdílé wa fẹnu kò sí ni pé kí n lọ gbé e wá sílé, kúrò lọ́wọ́ orogún rẹ̀.

Mo lọ. Jálẹ̀ ọ̀nà, ohun tí mo máa sọ sí obìnrin náà lójú ni mò ń tò lọ́kàn.

Ìlárá

Ìlú kan ṣoṣo ni Ìlárá, ṣùgbọ́n ààlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹni tó sùn ní Nàìjíríà lè lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ kó tó fọ ẹnu. Èmi tí mo ti ń ṣe ọkàn gírí láti ilé pé ilẹ̀ àjèjì ni mò ń wọ̀, n kò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo wọ̀ ọ́. Obìnrin kan tó ń dín àkàrà ló jẹ́ kí n mọ̀. Ó kí mi ní “bọ́njù”. Nígbà tó rí i pé n kò gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ibo lẹ ń rè?”

“Idigny ni. Ara ẹ̀gbọ́n mi ni ò yá.”

“Kí ló ń ṣe wọ́n?”

Nílé, a kì í dárúkọ rẹ̀. “Àìsàn burúkú yẹn” la máa ń wí, a ó sì tún wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń gbọ́. N kò mọ ohun tó mú mi sọ ọ́ fún ẹni tí n kò rí rí.

“Jẹjẹrẹ,” ni mo wí.

“Jẹjẹrẹ,” ni òun náà wí, bí ẹni ń pe orúkọ ìlú. Ó di àkàrà sínú ewé, ó fi ẹ̀kọ méjì lé e. Mo tọwọ́ bọ àpò, ó gbá ọwọ́ mi sẹ́yìn. “Ẹni tó ń lọ tọ́jú aláìsàn kì í ra nǹkan lọ́wọ́ mi.”

Mo jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu mi. Èmi kò kúkú lọ tọ́jú ẹnikẹ́ni. Ìjà ni mo bá lọ.

Omi tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ wò

Ilẹ̀ Kétu pupa bí ẹni da epo sí i. Láti ìlú Kétu sí Idigny, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo wà, èyí tí àwọn ń pè ní zẹ́míjàn. Àgbàdo wà lápá ọ̀tún, ẹ̀gẹ́ lápá òsì, ebè iṣu lẹ́yìn wọn, koríko ọ̀nà sì ń gbá wa lójúgun. Ọkùnrin tó gbé mi bi mí ní ilé tí mo ń lọ. Mo ṣàlàyé. Ó dín eré kù.

“Áà, ilé Ìyá Rọ́ọ̀sì. Obìnrin yẹn ń gbìyànjú o.”

Mo fẹ́ sọ pé ilé ẹ̀gbọ́n mi ni, kì í ṣe ilé Ìyá Rọ́ọ̀sì. Mo gbé e mì.

Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló jáde wá pàdé mi. Mo ti ń retí obìnrin kan tó ga, tí ojú rẹ̀ le. Ẹni tí mo rí kéré, ó gbẹ, eegun ọrùn rẹ̀ ti yọ síta, ọṣẹ sì ti bó ọwọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Kò bi mí ní ohun tí mo bá wá. Ó wọlé, ó bu omi sínú ife, ó mu díẹ̀ níbẹ̀ níṣojú mi, kó tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Àṣà wọn ni. Ẹni tó bá fún àlejò lómi ní láti kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. N kò mọ̀. Èmi rò pé ó ti rí ohun tó wà nínú mi ni, pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní mò ń gbààwẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ ààwẹ̀ kankan, òórùn àkàrà Ìlárá sì ṣì wà lẹ́nu mi.

Ohùn kan ké láti inú yàrá. Ó ti rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n.

“Àkànní! Mu omi yẹn. Bó bá fẹ́ fi nǹkan pa ẹnikẹ́ni, èmi ni ì bá kọ́kọ́ pa. Oṣù mẹ́sàn-án ló ti ní àyè rẹ̀.”

Mo mu ún tán láìmí.

Ọkà funfun

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Rọ́ọ̀sì ní òun ti ro ọkà. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń pè ní ọkà lọ́dọ̀ wa. Mo wẹ ọwọ́, mo ń retí àmàlà. Ohun tó gbé wá funfun, àgbàdo ni wọ́n fi rò ó, pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé gbọ̀mà àti wàgásì, ìyẹn wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n ti pa láwọ̀ pupa tí wọ́n sì dín.

“Ọkà ọ̀hún dà?” ni mo bi í.

Ó tọ́ka sí abọ́.

Ràbíátù bú sẹ́rìn-ín lórí ẹní rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ìrora fi gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí n tó dìde, Ìyá Rọ́ọ̀sì ti dé ibẹ̀, ó ti fi ìrọ̀rí kan há a sábẹ́ apá, ó sì ti padà wá bu ọbẹ̀ kún tèmi. Kò béèrè ibi tó ń dùn ún. Ìrọ̀rí náà kàn bọ́ síbi tó yẹ ni. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ yẹ̀ lórí ohun tí mo bá wá.

Èmi náà fẹ́ ṣe bí àbúrò ní ọjọ́ kejì. Mo ra ẹja gbígbẹ, mo sè é dáadáa, mo gbé e tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Kò tíì jẹ ẹ́, òórùn rẹ̀ nìkan ló gbọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ìyá Rọ́ọ̀sì fọ ilẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó fún un ní ògì kíkan tí kò ní ṣúgà, ó sì gbé ìkòkò ẹja mi fún àwọn ọmọ àdúgbò. Kò bá mi wí. Ká ní ó bá mi wí ni, ara ì bá tù mí.

Mo bi Ràbíátù nígbà tí obìnrin náà lọ sóko.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún wa lórí fóònù nígbà kan pé ẹ̀yin àti obìnrin yìí ò kí ara yín. Ọdún mẹ́fà lẹ pè é.”

“Ọdún méje ni. Àgbàlá kan náà, ọ̀tọ̀ ni àdògán mi, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀.”

“Kí ló wá yí i padà?”

“Nígbà tí ọmú mi di egbò, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mò ń fi àkísà há a, mo ń fọ ọ́, mo ń sá a sórí okùn. Ọjọ́ kan mo jáde, mo rí i pé àkísà tí mo fọ̀ tí àbààwọ́n rẹ̀ kò lọ tán ti mọ́ tónítóní. Ẹnìkan ti tún un fọ̀, ó sì ti sá a padà síbi tí mo sá a sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkejì. Ìgbà kẹta ló kan ilẹ̀kùn mi. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ọdún méje nìyí: ‘Ìyáálé, ẹ ṣí i, kí n wò ó.’”

“Kí lẹ wí?”

“Kí ni ǹ bá wí? Mo ṣí i.”

N kò tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa gbígbé e lọ sílé fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn. Mo ń pọn omi, mo ń gún àgbàdo, mo ń fọ aṣọ tó ti rin ẹ̀jẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń kọjá a máa dúró wò mí. Ọ̀kan ní, “Ẹ wo ọkùnrin!” Mo ní kó wò mí dáadáa, kó sì lọ pe ọkọ rẹ̀ wá kó wá wò mí pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń ṣe kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti obìnrin yẹn. Ó ti pa gàrí ṣíṣe tì. Koríko ti bo ìdajì oko rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ló ti tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Kútọnu, níbi tí wọ́n ti ń fa omi oògùn sí i lára, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì sùn sórí sìmẹ́ǹtì níta géètì, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò ní káàdì sùn nínú. Nígbà kejì, òjò pa á mọ́jú. Bó ṣe tutù rin báyìí náà ló ṣe wọlé láàárọ̀ lọ di abọ́ mú fún Ràbíátù kó lè bì. Kì í ṣe òun ló sọ fún mi. Ràbíátù ló sọ ọ́, ojú rẹ̀ sì pọ́n bó ṣe ń sọ ọ́.

Sitílò

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé káàdì náà, nítorí òun ni gbogbo ìjà.

Ìjọba ibẹ̀ ń dán ètò kan wò fún àwọn tó ń tọ́jú ẹni wọn tó ní jẹjẹrẹ. Ẹni tí wọ́n bá fún ní káàdì yóò ní àyè nínú ọkọ̀ tó ń kó àwọn aláìsàn lọ sí Kútọnu, yóò ní ibùsùn nínú ọgbà ilé ìwòsàn, yóò sì rí oúnjẹ jẹ. Ohun tó dára ni. Mo sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìjọba wọn ni mo ń bú. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ, mo ní ọlọ́gbọ́n ló ronú kan èyí, ẹni tó mọ̀ pé aláìsàn kan kì í dá ṣàìsàn.

Ìyá Rọ́ọ̀sì gbọ́ nípa rẹ̀ lórí rédíò, ó sì lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ, lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n lé e padà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ẹbí aláìsàn ni káàdì wà fún. Wọ́n ní kì í ṣe ọmọ rẹ̀, kì í ṣe àbúrò rẹ̀, ọkọ tó so wọ́n pọ̀ sì ti kú. Wọ́n ní kó lọ mú ẹlẹ́jẹ̀ wá.

Bó ṣe di pé òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ tì mí níbi tí mo ti ń gún àgbàdo.

“Bàbá Ìṣẹ́yìn, Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ ń lọ. Ìyáálé mi ò lè gun zẹ́míjàn mọ́, egungun wọn ò gbà á. Ẹ jẹ́ ká lọ kí wọ́n kọ orúkọ yín. Ẹ̀yin ni ẹ̀jẹ̀ wọn.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Èmi ti mọ ibi tí mo ń sùn.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la lọ. Àwọn ènìyàn ti kún orí bẹ́ǹṣì: ìyá kan láti Adakplamè, ọkùnrin kan tó pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn bí ọmọ ọwọ́, àti bàbá arúgbó kan láti Kpankou, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ilé-ọmọ. Mẹ́tìrù ni wọ́n ń pe bàbá náà, bí wọ́n ṣe ń pe tíṣà níbẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé lórí aláìsàn kan. Èmi wọlé. Ìyá Rọ́ọ̀sì dúró níta, lẹ́bàá fèrèsé.

Ọkùnrin tó ń kọ orúkọ, tí wọ́n ń pè ní Ṣẹ́fù, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n lẹ́yìn gíláàsì. Inú rẹ̀ dùn nígbà tí mo ní ọmọ ìyá kan náà ni wá. Mo fi káàdì ìdánimọ̀ Nàìjíríà mi hàn án, orúkọ bàbá wa wà lórí rẹ̀ bó ṣe wà lórí ìwé Ràbíátù.

“Ẹ wò ó bó ṣe rọrùn,” ló wí. Ó fa fọ́ọ̀mù jáde. “Ìgbà wo ni wọ́n kọ́kọ́ fa omi oògùn sí i lára?”

N kò mọ̀. Mo yíjú sí fèrèsé. “Ìyá Rọ́ọ̀sì! Ìgbà wo ni wọ́n kọ́kọ́ fa omi oògùn sí ẹ̀gbọ́n mi lára?”

Ohùn rẹ̀ gba inú fèrèsé wọlé, ó sọ ọjọ́ náà, ó tún sọ pé òjò rọ̀.

Ṣẹ́fù kọ ọ́. “Oògùn wo ni ara rẹ̀ kọ̀?”

“Ìyá Rọ́ọ̀sì! Oògùn wo ni ara wọn kọ̀?”

“Èyí tó wà nínú ìgò pupa. Ó ń wú wọn létè.”

“Kí ló lè jẹ?”

Èyí mo mọ̀. “Ògì kíkan,” ni mo wí, inú mi dùn.

“Kì í ṣe bó bá ti pé ọjọ́ kan lórí omi oògùn,” ni fèrèsé wí. “Omi ìrẹsì nígbà yẹn. Ògì di ọjọ́ kẹta.”

Ẹ̀rín sọ lórí bẹ́ǹṣì níta. Ṣẹ́fù kò rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́ lẹ ń wẹ ojú egbò?”

N kò ké sí fèrèsé mọ́. Sitílò, ìyẹn bírò tó fún mi láti fi fọwọ́ sí ìwé, wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì.

“Ṣẹ́fù, n kò wẹ ojú egbò náà rí. Wọn kò jẹ́ kí n rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti dé. Ta lẹ rò pé ẹ ń kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀?”

“Tiyín. Ẹ̀yin ni ẹbí.”

“Èmi ni àlejò. Ẹbí ń bẹ níta, ẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀.”

“Ṣé orogún ni ẹ̀ ń pè ní ẹbí, ẹ̀yin ọkùnrin yìí? Òfin ní—”

“N kò fọwọ́ sí i.”

Ó wò mí bí ẹni ń wo asínwín. Ó ní bí n kò bá fọwọ́ sí i, kò sí káàdì, bí kò bá sí káàdì, kò sí àyè nínú ọkọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo mọ̀. Ìyá Rọ́ọ̀sì gan-an ń bẹ̀ mí láti fèrèsé, “Bàbá Ìṣẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ má bá wọn jà.” Ṣùgbọ́n mo ti rí i lọ́kàn mi bí yóò ṣe rí: èmi lórí ibùsùn nínú ọgbà, ẹni tó mọ ọjọ́ ògì àti ọjọ́ omi ìrẹsì lórí sìmẹ́ǹtì níta. Mo ní n kò ní oko ní Kétu tí mo fẹ́ sáré lọ, pé orí àga yẹn ni mo wà títí wọn yóò fi kọ orúkọ tó tọ́.

Ó ní òun yóò pe ọlọ́pàá. Mo ní kó pè wọ́n, kí wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè nípa ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣe tán láti gba òdo níwájú wọn náà.

Ibẹ̀ ni Mẹ́tìrù ti wọlé láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó ti ń ka ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri níta láti àárọ̀. Ó ti já a kúrò lára ògiri. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan.

“Ọmọ mi, mo kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé títí irun mi fi funfun. Kí ni èyí?”

Ṣẹ́fù wò ó. “Proche.”

“Proche. Kí ni proche?”

“Ẹbí.”

“Irọ́ ni. Famille ni ẹbí. Wọn ò kọ famille síbẹ̀, mo ti wá a lókè, mo ti wá a nísàlẹ̀. Proche ni ẹni tó wà nítòsí. Ẹni tó sún mọ́ni. Ta ló sún mọ́ aláìsàn náà ju obìnrin tó wà lójú fèrèsé yẹn lọ?”

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ti dìde, wọ́n ti kún ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin tó pọn àbúrò rẹ̀ ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà pè kí òun lè mọ̀ ọ́n. “Pírọ́ọ̀ṣì,” ni wọ́n ń sọ fún ara wọn láti ẹnu dé ẹnu.

“Èmi kọ́ ni mo ṣe òfin,” ni Ṣẹ́fù wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni sitílò,” ni Ìyá Rọ́ọ̀sì wí. Ó ti wọlé. N kò gbọ́ kó gbé ohùn sókè rí títí di ọjọ́ yẹn.

Ṣẹ́fù pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Ìgbà tó gbé fóònù kalẹ̀, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nu ojú, ó sì fa fọ́ọ̀mù tuntun jáde. Ó kọ orúkọ Ìyá Rọ́ọ̀sì. Ó béèrè gbogbo ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀kan sí i, obìnrin náà sì dáhùn wọn láìmí. Ó wá kan ibi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí ẹni náà jẹ́ sí aláìsàn. Ṣẹ́fù fẹ́ ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, mo rí i lójú rẹ̀.

“Ká kọ àbúrò síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò ní yọ yín lẹ́nu.”

“Èmi kì í ṣe àbúrò wọn.”

“Ìyá, ọ̀rọ̀ lásán ni. Yóò jẹ́ kó rọrùn.”

“Ẹ ti lé mi padà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí pé orogún ni mí. Mi ò ní purọ́ kí n tó tọ́jú wọn. Ẹ kọ orogún síbẹ̀.”

“Kò sí i nínú ohun tí wọ́n tò síbẹ̀.”

“Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́.”

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ní Yorùbá, nínú àyè kékeré tí wọ́n fi sílẹ̀ fún “òmíràn”. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi ju àyè náà lọ.

Níta géètì

Ọkọ̀ náà gbé àwọn méjèèjì ní Ọjọ́bọ̀. Èmi wọ ọkọ̀ èrò, mo gba Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ tẹ̀ lé wọn. Mo bá wọn lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì, ọmọ Fọn, ń yẹ káàdì Ìyá Rọ́ọ̀sì wò síwá sẹ́yìn.

“O-ro-gun. Kí nìyẹn?”

“Èmi ni,” ló wí fún un, ó sì ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn tí ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí wọlé.

Èmi ò lè wọlé. Mo dúró níta lọ́dọ̀ àwọn tí kò ní káàdì, àwọn ló sì kọ́ mi ní ohun tí Kútọnu jẹ́. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé iyanrìn wá, kò sẹ́ni tó mọ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ mi ò tíì jókòó tí obìnrin kan fi fún mi ní ìdajì ẹní rẹ̀. Ó wá láti ọ̀nà òkè lọ́hùn-ún, kò gbọ́ Yorùbá, èmi ò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ṣàlàyé fún mi ibi tí omi wà àti ibi tí wọ́n kì í jẹ́ kéèyàn tẹ́ ẹní. A jẹ àbọ̀bọ̀, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n sè gbẹ, tí wọ́n da gàrí àti epo lé lórí, láti inú abọ́ kan náà.

Ọkùnrin kan tó gbọ́ Yorùbá wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ̀ láti fún ní káàdì nítorí pé òun àti ìyàwó rẹ̀ kò ṣe ìgbéyàwó lọ́dọ̀ ìjọba. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń tọ́jú ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ aṣọ rírán. Ìyá kan ń tọ́jú aládùúgbò rẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n ti sọ fún pé wọn kì í ṣe ẹbí. Mo ní, “Ẹ padà lọ ka ìwé tó wà lára ògiri. Kì í ṣe ẹbí ni wọ́n kọ síbẹ̀.” Ọkùnrin náà túmọ̀ rẹ̀ sí Fọn, ẹlòmíràn túmọ̀ rẹ̀ sí èdè obìnrin tó fún mi ní ẹní. Ó ní kí n pe ọ̀rọ̀ náà. Mo pè é bí Mẹ́tìrù ṣe pè é. Ó pè é tẹ̀ lé mi. Èmi bíríkìlà láti Ìṣẹ́yìn, tí n kò mọ Faransé kan ju bọ́njù lọ, mo ń kọ́ àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ní Faransé lẹ́bàá ògiri ilé ìwòsàn wọn.

Lówùúrọ̀, Ìyá Rọ́ọ̀sì jáde wá fi búrẹ́dì tirẹ̀ há mi lọ́wọ́. Mo bi í bó ṣe sùn.

“Fóòmù yẹn rọ̀ jù,” ló wí. “Ẹ̀yìn ń dùn mí.” Ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ níṣojú mi. Eyín kan ti yọ nínú eyín iwájú rẹ̀.

Èsì

Bí mo ṣe ń kọ èyí, Ràbíátù wà láàyè. Kókó tó wà nínú ọmú rẹ̀ ti sọ̀, kò tíì lọ. Àwọn dókítà kò ṣèlérí, èmi náà kò ní ṣèlérí fún yín. Ìgbà méjì sí i ni òun àti Ìyá Rọ́ọ̀sì ti fi káàdì yẹn lọ sí Kútọnu.

Láti ìgbà tí mo ti dé, àwọn kan ti ń bi mí lọ́nà mọ́ṣáláṣí pé ṣé òótọ́ ni pé mo gba ìwà àwọn ará ibẹ̀, pé mo ń fọ aṣọ obìnrin. Òótọ́ ni. Mo sì ti kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí, mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ní fún ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn jẹjẹrẹ nínú ilé rẹ̀. Akọ̀wé ibẹ̀ ní òun kò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní ó ti gbọ́ ọ báyìí. Mélòó nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí ló ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìyá, nítorí ẹ̀gbọ́n, tí wọn ò tiẹ̀ kà yín sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́? Ẹ kọ lẹ́tà tiyín. Tèmi nìkan, wọn yóò fi dí ẹsẹ̀ tábìlì.

Ó ku ohun tí ẹ rán mi. Ẹ ní kí n gbé Ràbíátù wá sílé, ẹ sì ti ń wò mí láti ìgbà tí mo ti dá wọlé. Mo ti jẹ́ iṣẹ́ náà. Ní àárọ̀ tí mo ń bọ̀, mo jókòó tì í lórí ẹní, mo ní ìdílé ní kí ó máa bọ̀ nílé, pé yàrá ìyá wa ṣófo, pé a ó tọ́jú rẹ̀. Ìyá Rọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ó ń ta omi ìrẹsì sínú ife, kò gbé ojú sókè. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ràbíátù gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mu ún díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán.

“Àkànní,” ló wí, “sọ fún wọn pé ẹni tó bá fẹ́ gbé mi lọ sí Ìṣẹ́yìn, méjì ni yóò gbé.”